Obìnrin Tó Ní Kí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Gé Orí Òsùwọ̀n

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kóńgò ló wà lọ́kàn mi, torí gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Àwọn kan ní kí gbogbo oní-gaàrí àti ẹlẹ́wà máa gé orí kóńgò kó tẹ́jú. Àwọn kan ní láéláé, pé kóńgò tí kò bá ga lórí, oníbàárà ò ní dúró lọ́dọ̀ ẹni. Ariwo pọ̀ débi pé Ìyálọ́jà fúnra wọn ní ká dákẹ́, kí olúkúlùkù lọ rò ó wá.

Èmi náà lọ rò ó. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí ìtàn obìnrin kan tí ọmọ mi tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń sọ fún mi. Obìnrin náà ti kú ó ti pẹ́, kò sì dé ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa ń jà lé lórí yìí gan-an ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìtàn náà jọ dáadáa kí n má baà parọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, òun ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Orúkọ obìnrin náà ni Fannie Merritt Farmer. Ará Amẹ́ríkà ni. Ìlú Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọdún 1857. Ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó díẹ̀ á mọ̀ pé àgbẹ̀ ni ìtumọ̀ Farmer, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé wọn lásán ni, wọn kì í ṣe àgbẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tó kù fún wọn, Fannie sì ni àkọ́bí. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe irú àwọn tó máa ń ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Wọ́n ti múra sílẹ̀ pé àwọn á rán an lọ sí iléèwé gíga.

Ohun tó da gbogbo rẹ̀ rú ni àìsàn. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ń lọ sí iléèwé girama ní Medford lẹ́bàá Boston, ni àìsàn kan bá dá a wólẹ̀, tó sì rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Fún ìgbà pípẹ́ kò lè rìn rárá. Nígbà tó tilẹ̀ wá rìn, títiro ló ń tiro, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Iléèwé parí síbẹ̀. Kò sí dókítà tó rò pé ó tún máa padà síbẹ̀. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí fún ọmọbìnrin tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, nílẹ̀ wa níbí àti nílẹ̀ òyìnbó láyé ìgbà náà. Kò sí ọkọ, kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́. Ilé ni kó jókòó sí, káwọn èèyàn máa káàánú rẹ̀. Fannie kò lọ́kọ títí tó fi kú.

Ṣùgbọ́n ilé tó jókòó sí yẹn, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn àlejò tó ń sanwó gbé inú ilé wọn, tí wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀. Ta ni ó máa se oúnjẹ? Fannie náà ni. Ó ń tiro nínú ilé ìdáná, ó ń sè, ó ń yan, títí òkìkí ilé náà fi kàn pé oúnjẹ wọn dùn. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti olùtọ́jú ọmọ lọ́dọ̀ ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Shaw. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí níbí yìí ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ òsùwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú ilé náà tí Fannie ń kọ́ ní oúnjẹ sísè. Fannie ka bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan fún un látinú ìwé, ìwé náà sì ní kí wọ́n fi bọ́tà tó tó àwúsá sí i. Ọmọ náà béèrè pé báwo ni àwúsá náà ṣe tóbi tó? Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n Fannie kò rí ìdáhùn sí i. Bí ìwé oúnjẹ àtijọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bọ́tà tó tó àwúsá, tàbí tó tó ẹyin. Ẹ̀kúnwọ́ fúláwà kan. Ife tíì kan, láìmọ̀ bóyá ife kékeré ni tàbí ife ńlá. Ṣíbí kan, àmọ́ ṣé ṣíbí tó ga lórí ni, tàbí èyí tó tẹ́jú? Ìyá tó ti ń sè fún ogún ọdún mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ mi sọ èyí fún mi, torí ó ti ṣe é fún èmi náà rí. Mo ní kó bá mi po ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Màmá, mélòó ni díẹ̀?" Mo pa á mọ́ra, mo ní ṣé kò lójú ni. Mọ́ínmọ́ín ọjọ́ náà, ajá pàápàá ò jẹ ẹ́ tán. Mo sì bá ọmọ wí. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé èmi tí n kò sọ iye ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun.

Ìdílé Shaw yìí àti àwọn ará ilé Fannie ló rọ̀ ọ́ pé kó lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè ní Boston. Ọdún 1879 ni àwọn obìnrin kan ní ìlú náà, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, dá iléèwé náà sílẹ̀. (Ẹ kíyè sí i, ẹgbẹ́ obìnrin ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba.) Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kí àwọn obìnrin tó fẹ́ fi oúnjẹ sísè jẹun lè rí iṣẹ́ gidi kọ́. Fannie ti tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó wọlé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń tiro, tí kò parí girama, ló jókòó kọ́ṣẹ́ láàrin àwọn ọmọdé. Ó parí ní 1889. Wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ sì pé, wọn ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá iléèwé náà.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òun nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣáájú rẹ̀, Mary Lincoln ti ṣe ọ̀gá iléèwé yẹn, ó sì ti tẹ ìwé oúnjẹ tirẹ̀ jáde ní 1884. Òun náà ti ń sọ̀rọ̀ kọ́ọ̀bù àti ṣíbí. Ṣùgbọ́n nígbà tirẹ̀, wọ́n ṣì ń lo ṣíbí tó ga lórí díẹ̀. Fannie ló ta kú pé rárá o, gbogbo òsùwọ̀n ló gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn débi pé wọ́n wá ń fi ìyẹn pè é, pé òun ni ìyá òsùwọ̀n títẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta fúláwà àti èlùbọ́, iṣẹ́ yín ni. Kọ́ọ̀bù tó ń lò, agolo ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ìwọ̀n kan tí kò yí padà, wọ́n sì fa ìlà sí i lára tó ń fi ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́ta hàn. Bí o bá fẹ́ wọn fúláwà, o kọ́kọ́ kù ú. Lẹ́yìn náà o fi ṣíbí bù ú sínú kọ́ọ̀bù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí á fi kún kọjá etí. O wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e kọjá lórí, kí èyí tó lé bọ́ sílẹ̀. O ò gbọdọ̀ gbọ̀n kọ́ọ̀bù náà. Kí ló dé? Bí o bá gbọ̀n ọ́n, fúláwà á rọ̀ wálẹ̀, ààyè á yọ lókè, wà á sì tún bu òmíràn sí i. Ohun tó o rò pé ó jẹ́ kọ́ọ̀bù kan ti ju kọ́ọ̀bù kan lọ. Ṣíbí náà bẹ́ẹ̀. Ó ní bí o bá fẹ́ ìdajì ṣíbí, kọ́kọ́ bu ṣíbí kan kó tẹ́jú, kó o fi ọ̀bẹ là á láti orí dé ìdí, kó o da apá kan nù. Bí o bá fẹ́ ìdá mẹ́rin, o tún ge ìdajì náà ní ìbú. Ṣíbí tíì 3 ló wà nínú ṣíbí ìjẹun 1.

Ẹ ti rí i. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n yìí? Ẹni tó ń rà, á ní kí wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń tà, ọwọ́ rẹ̀ á fúyẹ́ lórí kóńgò bí ẹni ń gbé ẹyin. Ohun tí òyìnbó kọ sínú ìwé fún àwọn tó ń yan kéèkì, ojoojúmọ́ la ń fi í jà lọ́jà.

Ó tún ní ohun kan nínú ìwé rẹ̀ tó wù mí jù. Ó to àwọn nǹkan sílẹ̀ pé kọ́ọ̀bù mélòó ló máa tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí kò tó ìdajì kílò. Bọ́tà, kọ́ọ̀bù 2. Ṣúgà, kọ́ọ̀bù 2. Fúláwà ńkọ́? Kọ́ọ̀bù 4! Kọ́ọ̀bù kan náà, ìwọ̀n náà ò dọ́gba. Kọ́ọ̀bù fúláwà kan fúyẹ́ tó ìdajì kọ́ọ̀bù ṣúgà kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó ń fi iye kọ́ọ̀bù ṣírò owó, gbèsè ló ń lọ.

Èmi jẹ irú gbèsè yẹn rí, n ò sì ní tijú láti sọ ọ́. Mo lọ ra ẹrù ní ọjà oko kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún mi mú kóńgò tirẹ̀ jáde, ó ń kà á, òkìtì sì wà lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan bí orí òkè. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti jèrè. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ mi, tí mo fi kóńgò tèmi wọ̀n ọ́n, kò tó. Wọ́n ti lu ìdí kóńgò yẹn wọ inú, ẹ̀mí mi ò sì lọ sí ìdí, orí ni mò ń wò. Òkìtì orí ló fi bo ìdí mọ́ mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdánù èrè àpò mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, owó iléèwé àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Fannie. Ní ọdún 1896, ó kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ní iléèwé náà jọ, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sọ ọ́ di ìwé ńlá kan, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,800. Orúkọ tó sọ ìwé náà ni The Boston Cooking-School Cook Book. Ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé Little, Brown ní Boston. Àwọn yẹn wò ó, wọ́n wò ó, wọn ò dá a lójú pé ó máa tà. Ìwé oúnjẹ ti pọ̀ jù lọ́jà, ni wọ́n ń rò. Wọ́n ní àwọn á bá a tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó san owó ìtẹ̀wé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìyẹn 3,000, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Obìnrin náà sanwó. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun ló sanwó, ẹ̀tọ́ ìwé náà dúró sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ta ìwé rẹ̀ kàn ń gba èrè ìtajà tiwọn ni, òun ló ni ọjà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìwé náà tà tán, wọ́n tún un tẹ̀, ó tún tà tán. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe àtúnṣe ńlá sí i ní 1906. Nígbà tó bá yá, mílíọ̀nù mélòó kan ló ti tà. Bí àwọn onítẹ̀wé bá ti fi owó wọn tẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, wọn ì bá ti fún un ní owó díẹ̀ kí wọ́n sì gbé ìyókù sápò. Àìgbàgbọ́ wọn ló sọ ọ́ di olówó. Ó ra ilẹ̀, ó ra ìpín nínú iléeṣẹ́, ó sì ń tọ́jú àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rò pé ó máa jẹ́ ẹrù fún bàbá àti ìyá rẹ̀ ló wá ń gbọ́ bùkátà ilé.

Ìwé náà kì í ṣe ti oúnjẹ dídùn nìkan. Kó tó kan bí wọ́n ṣe ń sè, ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí oúnjẹ jẹ́ nínú ara. Ó sọ èyí tó ń gbé ara ró, èyí tó ń fún ni lágbára, iṣẹ́ tí omi àti iyọ̀ ń ṣe. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń sọ pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́ òpè, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ ní iléèwé. Ẹni tó jẹ́ aṣáájú wọn ní ti ìyẹn ni Ellen Swallow Richards, ará Massachusetts bíi ti Fannie. Obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè ní iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MIT ni, ní 1873. Òun ló kó àwọn olùkọ́ jọ sí ìpàdé kan ní Lake Placid ní 1899, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹnu kò lórí orúkọ tí àwọn ọmọ wa ṣì ń pe ẹ̀kọ́ náà dòní, Home Economics. Ellen ló mọ̀ nípa omi dídọ̀tí àti oúnjẹ ayédèrú. Fannie ni tirẹ̀, inú ilé ìdáná ló wà, ó di ṣíbí mú. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ oníkálukú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń bá a wí lónìí. Wọ́n ní ó ti ka òsùwọ̀n sí jù, pé ó sọ ilé ìdáná di ilé apòògùn, ó sì ti fẹ́ràn ṣúgà àti ọbẹ̀ funfun jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan sì wà tí òun náà ò lè wọ̀n, ìyẹn ni iná. Sítóòfù èédú àti igi tí wọ́n ń lò nígbà náà kò ní ohun tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe gbóná tó, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń sọ pé ọwọ́ ló ń se ọbẹ̀, òótọ́ tiyín náà wà níbẹ̀.

Ní 1902, ó fi iléèwé àtijọ́ sílẹ̀, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boston, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, Miss Farmer's School of Cookery. Níbí, kì í ṣe àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń kọ́ jù, ìyàwó ilé ni. Ó ń se oúnjẹ lójú gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nígbà míì àwọn tó máa ń wá wò ó a tó 200, ìwé ìròyìn Boston a sì gbé ohun tó bá sọ jáde. Òun àti àbúrò rẹ̀ Cora tún ń kọ ojú ewé oúnjẹ nínú ìwé ìròyìn obìnrin kan fún bí ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni oúnjẹ aláìsàn. Ní 1904 ló kọ ìwé kan sórí ìyẹn nìkan, Food and Cookery for the Sick and Convalescent. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16 mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n gbé àwo oúnjẹ tó tutù wá síwájú ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti korò. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí oúnjẹ aláìsàn kéré nínú àwo, kó gbóná bó bá yẹ kó gbóná, kó tutù bó bá yẹ kó tutù, kó sì wu ojú, torí ojú ló kọ́kọ́ ń jẹun kí ẹnu tó jẹ. Ó lọ bá àwọn ọmọ ìṣègùn sọ̀rọ̀ ní Harvard pàápàá. Abarapá ń kọ́, dókítà ń kọ́, lọ́dọ̀ obìnrin tí kò parí girama.

Ó kọ nípa oúnjẹ àwọn onítọ̀ ṣúgà nínú ìwé yẹn. Ẹ rántí pé ní 1904, kò tíì sí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ọdún 1921 ni wọ́n tó rí i ní Kánádà, 1922 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún èèyàn. Ṣáájú ìyẹn, oúnjẹ nìkan ni oògùn. Bí wọ́n bá ní kí aláìsàn jẹ kọ́ọ̀bù kan, kọ́ọ̀bù kan gan-an ni. Bó bá ga lórí, ó lè pa á lára. Àwọn tó ní ẹni tó ń ṣe irú àìsàn yìí nílé láàrin wa, tí dókítà ti sọ iye àmàlà tó gbọ́dọ̀ jẹ, mọ ohun tí mò ń sọ. "Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ sí i fún Bàbá" kì í ṣe ìfẹ́ mọ́ níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ rárá. Orí àga onítáyà ni wọ́n ń gbé e sí, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ikú rẹ̀, ó ṣì jókòó síwájú èèyàn, ó ń kọ́ wọn. Oṣù Kìíní, 1915 ló kú ní Boston, ọmọ ọdún 57. Iléèwé rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin mìíràn, Alice Bradley, gbà á, ó sì wà títí di 1944. Ìwé rẹ̀ náà ṣì wà, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti tún un tẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì wá fi ń pè é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tiwa. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìtàn yìí tán, mo ṣe ohun kan. Mo ra kóńgò tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lù ní ìdí. Mo yá òṣùwọ̀n onílò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹran tútù nílà kejì. Mo bu gaàrí kún un, mo fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún èlùbọ́, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà olóyin. Ẹ̀wà wúwo jù, èlùbọ́ fúyẹ́ jù, gbogbo yín lẹ ti mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fi ojú yín rí i. Mo wá gbọ̀n kóńgò èlùbọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ààyè yọ tó gba ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Mo tún ní kí àwọn ọmọ ìsọ̀ mi mẹ́ta wọn kóńgò gaàrí tó ga lórí, kóńgò kan náà, gaàrí kan náà. Kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Ọwọ́ ẹni tó ń bù ú ló ń ta á, kì í ṣe kóńgò.

Tèmi nípa rẹ̀ nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn ní ìpàdé. Kí kóńgò tẹ́jú, kí ojú gbogbo èèyàn tó o. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ fi èènì sí i fún oníbàárà rẹ̀, kó fi ọwọ́ bù ú sí i lójú rẹ̀, kó sì mọ̀ pé èènì ni. Èènì jẹ́ ti ẹni tó fún ni. Bó bá ti wà nínú kóńgò látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó rà á ò mọ̀ pé wọ́n fún òun ní nǹkan, ẹni tó tà á ò sì mọ iye tóun fi tọrẹ. Àwọn tó ń sọ pé oníbàárà á sá lọ, mo gbọ́ yín, ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Bí ìsọ̀ kan bá tẹ́jú, tí èkejì ga, ẹni tó tẹ́jú ló máa jókòó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ọjà ló gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ká má ṣe é rárá.

Kóńgò tuntun náà wà ní ìsọ̀ mi, ẹni tó bá fẹ́ lè wá fi tirẹ̀ wé e kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ìyálọ́jà ti gbà pé kí olúkúlùkù mú kóńgò tó ń lò gan-an wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kì í ṣe èyí tó fi pamọ́ sílé o. Èmi á mú ọ̀bẹ wá.